Ilé Tí Mo Fi Han Ọmọ Kúnlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mélòó kan. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo parọ́ mọ́ òkú, òkú náà sì ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń padà sí Kánádà ní òpin oṣù yìí, bí ó bá sì gbé irọ́ mi lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á padà.

Kúnlé ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Fẹ́sítáàkì níbí la jọ dàgbà sí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá rẹ̀ àti bàbá mi ń ṣe, ilé wa sì kọjú síra nígbà náà. Òun kàwé, ó lọ sí Kánádà. Èmi ò kà púpọ̀. Mo kọ́ iṣẹ́ fíríìjì, mo ṣì ń ṣe é ní Agboju. Kúnlé kú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Kò padà wálé rí kó tó kú.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Mofẹ́. Kánádà ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún yìí, ilé ìwé rẹ̀ rán an wá sí yunifásítì kan ní Ìbàdàn, kó wá kọ́ Yorùbá fún ìgbà díẹ̀. Ó wá lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Ohun kan ló fẹ́ rí jù: ilé tí bàbá rẹ̀ ti dàgbà. Kúnlé ti sọ fún un pé igi fúrúùtù kan wà níwájú ilé náà, pé òun fi ọ̀bẹ gé orúkọ òun sára rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé.

Òótọ́ ni. Èmi ni mo jí ọ̀bẹ náà ní kíṣìnnì ìyá mi. Igi náà ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí a tó jáde, mo fọ́nnu fún ọmọ náà. Mo ní, "Mofẹ́, kò sí ibi tí Ọ́ńkù ò lè wọ̀ ní Fẹ́sítáàkì yìí. Èmi ni mo máa ń gbèjà bàbá rẹ."

Ó ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Inú mi dùn láti ní olùgbèjà." Bó ṣe ń sọ Yorùbá nìyẹn, bíi Bíbélì.

Ìyàwó mi ní, "Olùgbèjà kẹ̀? Ẹni tí aláǹgbá ń lé jáde ní bálùwẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ilé Kúnlé báyìí, ó sì ń sin tòlótòló. Ńṣe ni wọ́n ń rìn káàkiri ọgbà. Lọ́dún tó kọjá, bàbá náà pè mí kí n wá tún fíríìjì òun ṣe. Akọ kan nínú wọn wú, ó na ìyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi. Mo ju irinṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí ojú mi máa wálẹ̀, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá náà ni mo bá ara mi. Àwọn obìnrin tó ń lọ sí ìpàdé àdúrà dúró síta, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kérésì ò tíì dé, kò ní pa yín jẹ."

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba òpópónà yẹn kọjá mọ́, òkèèrè ni mo ti ń wo orí igi náà.

Nígbà tí èmi àti Mofẹ́ fẹ́ débẹ̀, mo gbọ́ igbe àwọn tòlótòló náà láti òkèèrè. Géètì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi bá yà fúnra rẹ̀, ó wọ òpópónà kejì. Ẹni tó bá mọ Fẹ́sítáàkì mọ̀ pé ìjọba ló kọ́ àwọn ilé wa, wọ́n jọra bí ìbejì. Mo dúró níwájú ọ̀kan tó jọ ti Kúnlé. Mo ní, "Òun nìyí."

Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Ọ́ńkù, igi náà dà?"

Mo ní wọ́n ti gé e.

"Kùkùté rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Mo ní wọ́n ti hú u, tegbòtegbò.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ náà le gbagidi, kò jọ ibi tí ẹnikẹ́ni ti hú nǹkan kan rí. Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún un, a lọ sílé.

Lẹ́yìn tó padà sí Ìbàdàn, ó fi ohun tó kọ fún olùkọ́ rẹ̀ nípa ìrìn àjò náà ránṣẹ́ sí mi lórí wáásáàpù, kí n bá a wo Yorùbá rẹ̀. Ó ní Èkó dùn, Èkó sì ń rùn. Ó ní ní Mile 2, ọkùnrin kan jágbe mọ́ òun pé òun dínà, ọkùnrin yẹn kan náà ló tún bá òun gbé báàgì sọdá títì, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó ní ní Agboju, òun ò mọ̀ bóyá àwọn èèyàn ń jà ni tàbí wọ́n ń kíra. Ó ní ìyàwó mi fún òun lóúnjẹ títí òun fi fẹ́ sunkún, àti pé ẹ̀fọn Fẹ́sítáàkì ò mọ àlejò. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kà á.

Ni mo bá kà á dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Mo rí ilé tí bàbá mi sọ. Igi kò sí níbẹ̀. Mo rò pé igi kò sí níbẹ̀ rí. Bàbá mi fẹ́ràn ìtàn ju òtítọ́ lọ. Nísinsìnyí, èmi kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ nínú gbogbo ohun tí ó sọ fún mi."

Mo dá a lóhùn. Mo ní Yorùbá rẹ̀ dára gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á, ó kù díẹ̀. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, ìyàwó Kúnlé pè mí láti Kánádà. Ó ní bí òun bá ti ní "bàbá rẹ sọ pé," Mofẹ́ á ní, "Mọ́mì, ìtàn nìyẹn." Ó ní, "Bọ̀dá, ó ti ń rẹ̀ mí láti máa gbèjà ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ jọ dàgbà. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé igi kankan wà níbẹ̀ rí?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ ọ́ nìyẹn. Kò kúkú sí tòlótòló lórí fóònù. Àmọ́ bí mo bá ní igi wà, yóò bi mí ìdí tí mi ò fi mú ọmọ dé ibẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, ó ti pẹ́. Àwa náà ti ń gbàgbé nǹkan."

Mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Bọ̀dá. Ẹ ṣé."

Kúnlé ní àlébù tirẹ̀. Ó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo, kò sì mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àmọ́ mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá mi ń wá ọ̀bẹ rẹ̀ kiri, èmi dákẹ́. Kúnlé ló jẹ́wọ́, wọ́n sì na àwa méjèèjì. Òun ni mo wá sọ di òpùrọ́ lójú ọmọ tó bí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lè pe Mofẹ́ lórí fóònù. Mo sì lè gba Ìbàdàn lọ, kí n jẹ́wọ́ lójú rẹ̀, kí n mú un wá síwájú igi náà kó tó wọ bàálù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n pè é. Mo mọ ara mi, màá tún rí ibi sá sí nínú fóònù. Ẹ sọ fún mi pé dandan ni kí n lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ kíkankíkan. Ẹni tó bá dẹ́rù bà mí ni mo máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.