Apá Ọ̀tún Ni Mo Ní Kí Wọ́n Fi Ránṣẹ́

Páàtì tí wọ́n fẹ́ fi tún ọkọ̀ ṣe dé ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà. Mẹkáníìkì tó máa ń gbé sitiárìn ọkọ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́. "Àǹtí," ó ní, "inú yín á dùn. Ohun tí ẹ ti ń tìtorí ẹ̀ yọ mí lẹ́nu ti dé. Ẹ ní kí bùrọ̀dá gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀ ọ̀la, a ó tún un ṣe, á dà bíi pé òsì ni wọ́n ti ṣe é láti ilé wá." Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, mo fi ọwọ́ dí etí mi kejì, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọkọ̀ tí a ń sọ wà nínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹni tó ni ín sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó wà níwájú mi, àwọn dókítà ń to eegun ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ló gbọ́ nípa ìjàǹbá yẹn. Ohun tí wọn kò gbọ́ ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí mo ti gbé e mì tipẹ́, kò sì dà nínú mi. Ìyá kan ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti òkè òkun. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà ni ọ́fíìsì wa, òórùn rọ́bà kì í kúrò nínú aṣọ mi. Ọ̀gá mi kì í sábà jókòó, èbúté ló máa ń wà, èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé, "Ọ̀tún àbí òsì?" Apá ọ̀tún ọ̀nà la máa ń gbà níbi tí à ń gbé, nítorí náà ọkọ̀ tó bá wa mu ni èyí tí sitiárìn rẹ̀ wà lápá òsì, kí awakọ̀ lè jókòó sọ́dọ̀ àárín títì, kó sì rí ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan wà tó jẹ́ pé apá òsì ni wọ́n ń gbà. Sitiárìn tiwọn wà lápá ọ̀tún, ọkọ̀ wọn lágbára, ó sì pọ̀ lọ́jà, àwọn èèyàn wa ń rà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rà á á máa jókòó létí kòtò bí ẹni tó ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Bí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú rẹ̀, ìdí ọkọ̀ ńlá náà nìkan ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í dá rìn. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sápá òsì, kó máa bá a wo ọ̀nà, kó máa sọ fún un pé "Ó ti mọ́" tàbí "Ó ń bọ̀." Ojú ni àwọn awakọ̀ ń pe ẹni yẹn. Bí wọ́n bá pàdé, wọn á ní, "Ta ni ojú ẹ lónìí?" Oníbàárà kan sọ fún mi pé, "Ìyàwó mi ni ojú mi. Ọjọ́ tí a bá jà, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere la máa ń tẹ̀lé délé." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú mi lọ, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: mi ò pẹ́ nílé ìwé, inú àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá lọ́wọ́ tíṣà fẹ̀yìntì kan ládùúgbò wa ni mo ti mọ ayé, nínú ìwé wọ̀nyẹn sì rèé, àwọn méjì tó bá rin ìrìn àjò pọ̀ kì í padà délé bí wọ́n ṣe lọ. Mo wá rò ó pé, kí ọkùnrin kan má lè kọjá láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀, ìfẹ́ wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ọkùnrin náà ti wà. Afẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ń kó búrẹ́dì láti ilé ìyan búrẹ́dì lọ fún àwọn ìlú tó wà lọ́nà, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sì ti ń wúkọ́ bí arúgbó. Mo ti ń wo ọkùnrin yìí láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì kó tó mọ̀ pé mo wà láyé rárá. Ọjọ́ tó gun àtẹ̀gùn wa wá, ó yọ fìlà, ó ní, "Àǹtí Ọ́fíìsì, òsì ni mo fẹ́ o. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn ò bí mi kí n máa yọjú lẹ́yìn tírélà bí aláǹgbá." Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ṣèlérí fún un pé màá wá èyí tó dára. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún wa láti òkè òkun pè. Ó ní méjì ló wà nílẹ̀ tó bá ohun tí a ń wá mu, wọ́n jọra bí ìbejì, ọ̀kan ọ̀tún, ọ̀kan òsì. Èwo ni kí òun fi ránṣẹ́? Kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá ti lọ sí èbúté. Mo wo fèrèsé, mo rí ara mi nínú ọkọ̀ náà ní ìdájí, ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ẹnu mi ló ń ṣí ọ̀nà fún un. Mo ní, "Ọ̀tún." Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Nígbà tí Afẹ̀sọ̀ padà wá, mo sọ ojú mi sílẹ̀, mo ní, "Òsì ti tán o. Ó máa pẹ́ kí òmíràn tó bọ́ sílẹ̀." Ó họ orí. "Ta ló wá máa jẹ́ ojú mi báyìí? Búrẹ́dì kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́." Mo ṣe bí ẹni tí kò kàn. Mo ní, "Mo máa ń tètè jí. Mo lè máa bá yín lọ kí n tó wọṣẹ́." Ó wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilẹ̀kùn lára ògiri ilé rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́, nítorí náà mi ò ní sọ pé inú mi ò dùn nígbà yẹn. Búrẹ́dì gbígbóná lẹ́yìn, òtútù ìdájí níwájú, èmi lápá òsì. Màá na ọrùn, màá wò, màá ní, "Ó ti mọ́," ọkùnrin yìí á sì tẹná láìwo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó tíì gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀nà tuntun ni ilé ìyan búrẹ́dì fún un lẹ́yìn tó ra ọkọ̀, ibì kan sì wà níbẹ̀, lẹ́yìn afárá, tí títì ti rì wọlẹ̀. Òun náà mọ̀ pé ó rì, ara ọkọ̀ á sọ fún un, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe ń tan ojú jẹ fún ẹni tó bá jókòó sápá òsì. O máa rí ọ̀nà nítòsí, o máa rí i lókèèrè, ó máa mọ́ lójú rẹ gbalaja, odindi tírélà á sì wà láàárín tí o ò rí. Mo kọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Láti ìgbà náà, bí a bá débẹ̀, màá pa ẹnu mọ́ títí a ó fi gun òkè kejì. Mi ò ṣàlàyé fún un. Ó dùn mọ́ mi pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwọn èèyàn òun máa wá rí àwọn èèyàn mi, ẹ̀rí ọkàn jí mi dìde. Mo yọ́ lọ bá mẹkáníìkì, mo ní kó bá mi gbé sitiárìn náà sápá òsì, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ó di ìgbà tí páàtì bá dé. Mo rò pé mo ti tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tó kù díẹ̀ kó parí. Tíṣà ti ní òun ń rìnrìn àjò láàárọ̀, kí n dá ìwé òun padà kí òun tó lọ. Nígbà tí Afẹ̀sọ̀ fọn fèrè jẹ́ẹ́jẹ́ níta, mo fi ìborùn di orí, mo yọ ojú síta, mo ní, "Orí ń fọ́ mi." "Pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Padà lọ sùn. Màmá á bá mi lọ, wọ́n kúkú ti fẹ́ lọ ra òwú." Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ó mú búrẹ́dì kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e sórí fèrèsé mi. Mo ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń ṣí ìwé náà. Mo sunkún níparí ìwé, ẹ gbọ́, mo sunkún nítorí àwọn tí kò sí láyé rí. Bóyá àkókò yẹn gan-an ni ìyá náà na ọrùn lẹ́yìn afárá. "Mo wò ó," ó sọ fún wa nígbà tó yá, "mo tún un wò. Ọ̀nà mọ́ kedere. Mo ní, 'Ó ti mọ́, ọkọ mi.'" Tírélà jáde bí ẹni pé ilẹ̀ ló bí i. Afẹ̀sọ̀ yà fún un, ọkọ̀ ṣubú sí apá ọ̀tún, níbi tí òun jókòó sí, ó sì tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ha ìyá rẹ̀ lára.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Rárá o. Ìgbà tí mo gbé fóònù mẹkáníìkì sílẹ̀, mo padà lọ bá ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ki ọwọ́ sáàárín itan. Ó ní, "Ojú mi ló ṣe é. Ojú tí mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìtan iná." Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ọlọ́run rí mi, mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Àgbà ló ń dé. Ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú náà wò." Mo bọ́ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ara mi, mo sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọlọ́run ló fi ẹ́ ta wá lọ́rẹ." Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n fi hàn án títí dé èyí tó kéré jù. Oníṣègùn rẹ́rìn-ín: "Màmá, ojú yín ju tèmi lọ." Mo rò pé ara á tù ú. Àṣé ọgbẹ́ mìíràn ni mo tún ń dá sí i lára. Nígbà tí a jáde síta, ó dúró, ó ní, "Bí ojú mi bá dára, a jẹ́ pé orí mi ló ti ń dàrú. A jẹ́ pé mo rí tírélà, mo sì ní kí ọmọ mi máa lọ." Ọjọ́ yẹn ló da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó dá aṣọ oníbàárà padà ní àìrán. Bí àlejò bá wá kí ọmọ rẹ̀, á ní, "Ẹnu mi ni mo fi rán an sí kòtò." Afẹ̀sọ̀ á ní, "Màmá, ó tó, ẹ̀bi ọ̀nà ni," kò sì ní gbọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi ìwé lálàá bíi tèmi, kò burú kéèyàn fẹ́ kí ẹnì kan má lè ṣe láìsí òun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ewu so ó mọ́ ara yín. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyá náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìwọ ni kó o máa bá a wo ọ̀nà títí ayé. Èmi ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́." Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Láàárọ̀ yìí, mo lọ bá wọn nílé. Afẹ̀sọ̀ jókòó, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Kí ló dé tó o dúró bí àlejò? Jókòó." Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́." Mo sì sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí yìí. Nígbà tí mo parí, ìyá náà ló kọ́kọ́ bi mí:

"Òsì wà nílẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"O mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti ń tan ojú jẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Orí ò fọ́ ẹ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè dárí jì mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣáà gbà pé kì í ṣe ojú yín."

Ó bo ojú náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀. Afẹ̀sọ̀ ló wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń wakọ̀. "Bó o bá sọ fún mi pé o fẹ́ máa bá mi lọ, ṣé mi ò ní gbé ẹ ni? Ìjókòó kejì wà nínú ọkọ̀ òsì náà."

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo àlá tí mo lá, mi ò rò pé ó lè fẹ́ kí n jókòó ti òun lásán.

Ó ní, "A ṣì lè jọ sọ ọ́. Fún mi láyè díẹ̀."

"Gba gbogbo àyè tó o bá fẹ́ láti bínú," mo sọ fún un. "Ṣùgbọ́n má mú àwọn èèyàn rẹ wá sílé wa. Bí mo bá fẹ́ ẹ báyìí, á dà bíi pé irọ́ yẹn ṣiṣẹ́. Mo ti pinnu. Mi ò ní fẹ́ ẹ."