Ẹsẹ̀ Tó Mọ Omi Tútù

Nínú tàkísí láti Pobè sí Sakété ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá oníṣòwò kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná lésà tí wọ́n fi ń tọ́jú yín nílé ìwòsàn yẹn ò jó yín?"

"Kò jó mi rárá! Wọ́n kàn ń tàn án sí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti sọ di òkú yẹn?"

"Òun náà! Ṣebí o rántí ọjọ́ tí mo wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan láti mọ́ṣáláṣí dé ọjà, tí n ò mọ̀? Láàárọ̀ yìí, mo da omi àlùwàlá sẹ́sẹ̀, àfi bí mo ṣe pariwo: 'Ó tutù!'"

"Dókítà ṣáà ní kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń bá lára mu."

"Ó bá tèmi mu! Já mi léèékánná lẹ́sẹ̀ wò."

Àbúrò rẹ̀ já a.

"Yéè! Ó dùn mí!" Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀ kejì sí i. "Já èyí náà!"