Èèpo Ọ̀dùnkún Lábẹ́ Koríko

Olúwa, ìwọ tí o dá gbogbo ilẹ̀ ayé láìlo ọkọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi kí i kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ẹnu mi kò tíì gbà á tán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Oregbeni mọ̀ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà. Bí òjò bá rọ̀, iyẹ̀pẹ̀ pupa ẹ̀yìn ilé wa á kó ẹrù rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Ikpoba, kò sì ní dágbére fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún ni mo ń kọ ebè síbẹ̀, lọ́dọọdún ni òjò ń bà á jẹ́. Nígbà tó yá, ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn síta bí eyín arúgbó. Lándílọ́ọ̀dù wa, bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Benin, wò ó, wọ́n ní, "Madam, if this fence fall, una go pack." Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé nílùú yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo gbàdúrà. Mo ní, "Olúwa, bá mi di ilẹ̀ yìí mú."

Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún mi pé ọkọ́ mi gan-an ló ń tú ilẹ̀ sílẹ̀ fún òjò. Ó ní kí n má ro ó mọ́. Kí n tẹ́ ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Irish, sórí ilẹ̀ lásán, kí n fi koríko gbígbẹ bò ó títí yóò fi ga dé orókún. Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ Èkìtì ni mí. Nílé wa, oko tí a kò ro, ọ̀lẹ ló ni ín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló gbin Irish sí Benin rí? Jos ni wọ́n ti ń gbìn ín!

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé kì í jiyàn pẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko kiri àdúgbò. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí kì í bọ́ táì sílẹ̀ kódà ní Sátidé, yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyá Tómi, ṣé ààtàn lo fẹ́ ká máa gbé ni?"

Alàgbà kan nínú ìjọ yìí náà dá sí i. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n wọ búlúù, wọ́n jókòó sí ìlà kejì. Wọ́n ní Ẹ̀mí fi ààtàn kan hàn àwọn lójú ìran, ejò sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Alàgbà, ṣé Ẹ̀mí ni, àbí ẹ gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lánàá?"

Mo rí Irish tí ojú rẹ̀ ti ń hù ní Santana Market. Obìnrin tó ń tà á ti fẹ́ dà á nù. Mo kó o délé, àmọ́ ìdánrawò akọrin ti yá. Mo pe Tómi, ọmọbìnrin mi. Ẹ mọ àwọn ọmọ wa tí a bí síbí: wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, Pidgin ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo ní, "Tómi, kó Irish yìí lọ sẹ́yìn ilé, kí o bò ó dáadáa." Mo sáré lọ.

Nígbà tí mo dé, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. "Mummy, I don bó am finish. E clean well well."

Ẹ̀yin ará, bò ó ni mo wí, bó o lọmọ gbọ́! Mo fẹ́ kó fi koríko bò ó, ó fi ọ̀bẹ bó o! Gbogbo irúgbìn mi wà nínú abọ́ ní ìhòòhò.

"Tómi! Ta ló ní kí o mú ọ̀bẹ?"

"But Mummy, na you talk am!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí táì rẹ̀ fi wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣáà dín in, ká jẹ ẹ́." A dín in, a jẹ ẹ́. Èmi gbé èèpo rẹ̀, tòun ti ojú tó ń hù lára rẹ̀, mo dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo wọ́ koríko lé e lórí, mo wọlé. Ilé Ọlọ́run la wà, mi ò lè parọ́: kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni mo fi gbìn ín, ìbínú ni. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín koríko, mo rò pé igbó ni. Mi ò yà síbẹ̀.

Oṣù bíi mẹ́ta kọjá, òjò ńlá wá dé. Ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí nǹkan sílẹ̀ lókè, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Fẹ́ǹsì aládùúgbò wa tó wà nísàlẹ̀ ṣubú gbì. Bí òjò ti dá, lándílọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú bàtà òjò àti ọ̀pá.

"Madam, na refuse you dey gather for my compound? Snake go don born pikin here!"

Wọ́n ti ọ̀pá bọ koríko, wọ́n gbé e sókè kí n lè rí ejò náà. Kò sí ejò níbẹ̀.

Irish ni! Wọ́n funfun, wọ́n mọ́, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́ adìyẹ. Ọkọ́ kankan kò kan ibẹ̀.

"Who plant am?"

Tómi ló dáhùn: "Na me peel am, sir."

Bàbá lándílọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ koríko. Èmi náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilẹ̀ náà tutù bí inú àmù. Ó rọ̀, ó dúdú, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó máa ń le bí àpáta lójú oòrùn! A jọ wo ìdí fẹ́ǹsì. Iyẹ̀pẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Mo ti ní kó di ilẹ̀ mú, mo rò pé sìmẹ́ǹtì ni yóò lò. Koríko ló lò, àti èèpo, àti etí ọmọ tí kò mọ àmì ohùn.

Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n ṣa Irish díẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìyàwó wọn. Wọ́n ní, "Madam, no commot that grass. Una no go pack again."

Lánàá, òjò tún rọ̀. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Omi tó ń jáde lábẹ́ koríko kò pupa. Ó mọ́ gaara, ó ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò mú ohunkóhun tiwa dání. Mo fẹ́ kọrin, ohùn kò jáde. Ẹni tí ohùn tirẹ̀ bá ṣì ń jáde nínú yín, kó jọ̀wọ́ bá mi gbé orin ọpẹ́.