Kì í Ṣe Torí Ìkòkò Omi

"Ẹ dúró! Ẹ má tíì ta á lé mi léjìká."

Ohun tí Gbádéyan sọ nìyẹn lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀, níwájú gbogbo ìlú, nígbà tí aṣọ oyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé òòyì ló kọ́ ọ, torí oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ó sì ti dàgbà. Ẹnì kan ti ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Gbádéyan ní omi kọ́ lòun ń wá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú òun látìgbà tí òun ti wà ní kékeré, pé òun ti fi ẹ̀rín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ti fi orin ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ bí òun bá tún fi oyè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun ò ní rí ọ̀run wọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Tí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ fi mí joyè, ọwọ́ yín ló kù sí."

Nílé tiwọn, lẹ́bàá Kírì nílẹ̀ Òkun níbẹ̀, ọkùnrin kì í fúnra rẹ̀ wọ aṣọ oyè. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ló máa ń ta á lé e léjìká, kó tó ta á ni yóò sì bi í pé, "Ọmọ bàbá mi, ṣé ọwọ́ rẹ mọ́?" Olóyè á ní, "Ó mọ́." Ká sòótọ́, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń dáhùn bí ẹni ń ṣe àmín, kò sẹ́ni tó ń ronú sí i. Lọ́jọ́ náà, Àsíyátù ló di aṣọ mú. Àsíyátù ló bi í. Dípò "Ó mọ́," "Ẹ dúró" ni Gbádéyan wí.

Ọmọ àbúrò bàbá Gbádéyan ni Àsíyátù. Bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ Olúbọ̀dé tó bí Gbádéyan ló sì wà. Ó wà ní kékeré nígbà tó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ Tápà, láyé ìgbà tí Bídà ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àtowó àtèèyàn, lọ́wọ́ gbogbo ìlú wa. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti di Mùsùlùmí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ. Ìgbà tí ọkọ kú ló mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jẹ̀mílà, lọ́wọ́, ó sì wá ilé bàbá rẹ̀ wá, ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Olúbọ̀dé ti kú nígbà náà. Ohun tí gbogbo ìlú sì mọ̀ ni pé àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ló já a gbà lọ́nà odò. Olúbọ̀dé ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbádéyan náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójú Àsíyátù, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ó ń bọ̀ wá di ọdún méjì báyìí tí ọ̀ràn àwọn òyìnbó dé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àwa tí a kéré yìí, Tápà jẹ gàba lé wa lórí. Òyìnbó lé Tápà lọ, a yọ̀, a jó. Ká tó jó tán, òyìnbó ti so wá mọ́ ilẹ̀ Àríwá láìbi wá léèrè, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi tó bá rí. Ìgbà tí òmìnira wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìlú Ọba rán àwọn èèyàn wá pé kí àwọn ẹ̀yà kékeré wá sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Háà, gbogbo ilẹ̀ Òkun gbóná! Àwọn kan ní ká lọ bá àwọn ìbátan wa ní Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n máa gbọ́ èdè wa nílé ẹjọ́, kí á yé jẹ́ ìrù ẹni ẹlẹ́ni. Wọ́n ní òyìnbó kan máa jókòó ní Kàbà láti gba ẹ̀rí. Isaiah, tíṣà tó tún jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú wa, ní kò sí ẹ̀rí tó lè ju kí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú dìde fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Gbádéyan wá ń sọ fún ìlú pé òun lòun mú Tíṣà lọ sílé Àsíyátù. Obìnrin náà kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Ó ní òun á lọ. Tíṣà ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Àsíyátù wá sọ pé, "Àmọ́ o, bó ṣe rí ni mo máa sọ ọ́. Mi ò lè parọ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹlẹ́ṣin kankan kò mú mi lọ́nà odò. Olúbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fà mí lọ́wọ́, tó fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ ajẹ́lẹ̀ tí ọba Bídà fi sí àárín wa. Ta ni Tápà mọ̀ nínú wa? Àwa la júwe ara wa fún wọn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Tíṣà. Bí wọ́n ṣe bọ́ síta, ó di apá Gbádéyan mú. "Bàbá, bí màmá yìí bá sọ èyí, ọ̀ràn wa bàjẹ́ nìyẹn. Òyìnbó á ní àwa la ta ara wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ibi tí Gbádéyan sọ ọ́ dé yìí ni gbogbo èèyàn yíjú sí Tíṣà, tó jókòó láàárín àwọn àgbà. Gbádéyan kígbe mọ́ wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀! Kò rán mi níṣẹ́ ibi. Ìlú ló ń bà á lẹ́rù. Èmi ńkọ́? Ẹ má rò pé ìlú ló ń bà mí lẹ́rù o. Ọ̀rọ̀ mi ṣì wà níwájú."

Ó ní nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ku ọ̀la, òun mú obì lọ bá Àsíyátù, òun ní òyìnbó ti sún ìjókòó lọ sí Odò-Ẹrẹ̀, pé àwọn ará Ìyàgbà ló fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lọ síbẹ̀ fún ọjà. Òun sanwó ọkọ̀, òun ní kí dẹ́rẹ́bà fi ìyá síwájú, kí ọyẹ́ má baà pa á. Àsíyátù wọ aṣọ tó fi ń kírun ọdún. Ó ti ń fi ẹnu ka ohun tó fẹ́ sọ bí ọmọléèwé. Ó yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Gbádéyan, o ò bá mi lọ ni?" "Mò ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi." Ọkọ̀ gbéra. Gbádéyan sì dojú kọ ọ̀nà Kàbà.

"Mo jókòó níwájú òyìnbó," ni Gbádéyan wí, "mo sì gba ẹnu obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Mo ní ojú mi ni wọ́n ṣe mú ọmọ àbúrò bàbá mi lọ́nà odò. Mo fi ẹṣin sí i. Mo fi okùn sí i. Mo ké bó ṣe ké, bẹ́ẹ̀ kò ké rárá. Mo sì sunkún. Ẹ̀yin ará, omijé yẹn kì í ṣe ayédèrú o! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Òyìnbó ṣí fìlà, ó ní kí ògbufọ̀ bá òun kẹ́dùn. Àtọjọ́ náà lẹ ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kí mi. Ibẹ̀ ni oyè yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi bọ̀."

Lákòókò kan náà, Àsíyátù wà ní Odò-Ẹrẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọjà, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé níbo ni òyìnbó wà. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Olóyìnbó. Ó sùn sílé oníṣòwò kan, ó tún padà síbẹ̀ láàárọ̀. Ìgbà tó fi máa rí ọkọ̀ padà, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ láyà, eruku ti sọ aṣọ ọdún di pupa. Gbádéyan ti ń dúró dè é pẹ̀lú irọ́ mìíràn. Ó ní òyìnbó ló yí ọkàn padà lójijì, pé kò sí bí àwọn ṣe lè ránṣẹ́ sí i. "Àmọ́ mo ti bá yín sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O sọ ọ́ bó ṣe rí?"

"Bó ṣe rí gan-an."

"O sọ pé Olúbọ̀dé ni?"

"Mo sọ ọ́."

Àsíyátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àlùhámúdù lílàáì. Ohun tí mo torí ẹ̀ padà wálé nìyẹn, pé kí ọmọ ilé yìí kan fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tán nínú mi. Mo dárí ji Olúbọ̀dé, mo dárí ji gbogbo ilé. Èmi náà kúkú jẹ̀bi tèmi. Mo fọ́ ìkòkò omi ìyá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkòkò ńlá yẹn. Mo mọ̀ pé òun ló bí bàbá rẹ nínú." Ó gbé ọwọ́ lé Gbádéyan lórí, ó ṣàdúrà fún un. Gbádéyan sì ṣe àmín.

"Mo ṣe àmín, ẹ gbọ́!" Ó lu àyà ara rẹ̀ níwájú ìlú. "Mo ti gba ìdáríjì tí kì í ṣe tèmi. Òyìnbó gbọ́ irọ́ mi tán, wọ́n sì ní ká dúró síbi tí a wà, lábẹ́ Àríwá. Gbogbo yín ń bú òyìnbó. Èmi ò lè bá yín bú u."

Tíṣà Isaiah dìde. "Bàbá, ó tó. Ẹ ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Kò tíì tó. Jókòó, Tíṣà." Ohùn Gbádéyan wálẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti sún mọ́ ọn. "Bàbá mi ló ń júwe ilé tí wọ́n á ti mú ọmọ fún ajẹ́lẹ̀. Ilé kan lónìí, ilé mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé bàbá mi ló júwe ilé bàbá wọn. Ọdún kan, ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Olúbọ̀dé, ó kan ilé tìrẹ.' Èmi ló nàka sí. Èmi, Gbádéyan. Ìyá mi gbé mi sẹ́yìn àká, ó ní bí mo bá pariwo, mo lọ nìyẹn. Mo yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbá àpáàdì ìkòkò tó fọ́. Bàbá mi pè é, ó ní, 'Adétutù, wá, bàbá yìí á mú ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ.' Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ewúrẹ́ méjì kún un, torí ọkùnrin ni ajẹ́lẹ̀ fẹ́. Ó ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ. Èmi ló ń wá, kó lè dágbére fún mi. Mi ò fọhùn. Lálẹ́, iṣu tirẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán."

Gbádéyan yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Alágbára á tún dé, ẹ̀yin ọmọ. Wọn ò ní ṣàìdé. Bí wọ́n bá dé, ẹ wo ẹni tó ń júwe ilé fún wọn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin." Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Àsíyátù. "Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Aṣọ oyè ṣì wà lọ́wọ́ ìyá arúgbó náà.

"Adétutù," ó fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ tó ń jẹ́ kó tó di Àsíyátù, jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yẹn. "Gbádéyan."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé kì í wá ṣe torí ìkòkò?"

"Kì í ṣe torí ìkòkò."

"Ìkòkò kọ́?"

"Ìkòkò kọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni."

Jẹ̀mílà sáré wá di ìyá rẹ̀ mú, ó gbé e jókòó. "Gbogbo ìgbà tí mo wà ní Bídà," ó ní, "ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń di ìkòkò mú. Ọkọ mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ̀mílà yìí, mi ò jẹ́ kó ru ìkòkò rí, korobá ni mo rà fún un. Mo ní kí wọ́n má baà torí ìkòkò fa òun náà lé ẹnì kan lọ́wọ́." Ìyá náà bú sẹ́kún. Àtìgbà tó ti dé ìlú, kò sẹ́ni tó rí omijé rẹ̀ rí.

Ìgbà tó sunkún tán, ó ká aṣọ oyè náà, ó fi í sábẹ́ apá. "Dìde nílẹ̀. Ìdáríjì ọjọ́sí, irọ́ ni mo fún, irọ́ sì ti jẹ ẹ́ tán. Òmíràn kò sí lọ́wọ́ mi báyìí. Bí Ọlọ́run bá fún mi, màá pè ọ́." Ó gbára lé ejìká ọmọ rẹ̀, ó sì lọ ilé. Aṣọ bá a lọ.

Oyè náà ṣófo dòní. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, bàbá arúgbó kan á sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, á ru ìkòkò amọ̀ bọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, àwọn ọmọdé ò sì jẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà Àsíyátù ló máa ń sọ̀ ọ́ sí.

"Òkun o, Adétutù," á kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wa.

"Òkun," ni obìnrin náà máa ń dáhùn láti inú ilé.

Gbádéyan á dúró díẹ̀, bóyá ó máa pe òun. Kò tíì pè é.