Ọwọ́ Mi Ló Fa Ìmọ́lẹ̀ Náà Wálẹ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Dagenham, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ la àyà mi ní ọsibítù, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí sùn lórí tábìlì wọn. Akọ̀wé, kà á sókè, má fo ìlà kankan. Èmi Ìyá Àdúrà Magdalene, tí ìdí mi ń kún àga méjì, tí ohùn mi ń jí gbogbo àdúgbò Alibon, òpùrọ́ ni mí.

Ṣé ẹ rántí àpótí onídígí tí mo máa ń fi aṣọ funfun bò, tí ẹ ń pè ní Ìmọ́lẹ̀ Àyẹ̀wò? Kò ti ọ̀run wá. Creekmouth ló ti wá, láti ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi Morákinyọ̀ ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Òun ló là á yé mi: "Ìyá Dávídì, wáyà gbígbóná ẹ̀yìn dígí yìí ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Wọ́n ń sáré kọjá láàárín irin pẹlẹbẹ méjì. Èyí tí mo bá fún ní iná pósítíìfù á fà wọ́n mọ́ra, èkejì á tì wọ́n. Bọ́tìnnì yìí ni mo fi ń yí i. Mo yí i sọ́tùn-ún, àmì tó ń tàn á gòkè. Mo yí i sósì, á wálẹ̀." Mo ní, "Ṣé ìyẹn á se ọbẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló wọ̀ mí lórí.

Nígbà tó kú, mo gbé e wá sí ilé àdúrà. Apá sùtánà mi gbòòrò bí ẹnu àpò ìrẹsì, ọwọ́ mi wà lábẹ́ rẹ̀ lórí bọ́tìnnì. Ẹni tí mo bá fẹ́ràn, ìmọ́lẹ̀ á gòkè fún un. Ẹni tó bá mi jà lórí ẹran ìkómọ, á wálẹ̀. Ẹ̀ ń ké halelúyà, èmi àgbàyà ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ìgbà náà ni Gbémi, ìyàwó Dávídì ọmọ mi kan ṣoṣo, lóyún, ó ní Leeds làwọn ń kó lọ. Ẹ̀rù bà mí pé èmi àti tẹlifísàn nìkan ni yóò kù nílé. Mo pè é síwájú gbogbo yín: "Bí oyún yìí bá jẹ́ ti Dávídì, kí ìmọ́lẹ̀ gòkè!" Gbémi kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo machine." Mo wo ojú rẹ̀. Mo sì yí i sósì.

Dávídì bọ́ òrùka. Ẹ̀yin hó lé Gbémi lórí. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sá jáde, kò dúró mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dávídì ò lọ Leeds mọ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà "ẹ káàárọ̀, mà" nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo jèrè nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan kanlẹ̀kùn mi. Imú Morákinyọ̀ ló wà lójú rẹ̀, gẹ́lẹ́. "Ọmọ́lẹ́wà ni mí, ọmọ Gbémi." Ó rí àpótí náà. "Grandma, a lò ó ní school! Field tó wà láàárín plates ló ń bend beam." Ó yí bọ́tìnnì, àmì gòkè, ó wálẹ̀. Ó kọjú sí mi. "So, apá ibo lẹ yí i sí fún Mum?"

Mo fi aṣọ funfun bo àpótí náà.

Dávídì, má wá sí ọsibítù ná. Bàtà Gbémi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń nù ún lọ́dọọdún bí aṣiwèrè. Gbé e lọ fún un, kí o kúnlẹ̀. Bó bá sọ ọ́ lù ọ́ lórí, dúró kó sọ èkejì. Èkejì yẹn, tèmi ni.