Ọ̀já Tí Mo Ní Kó Máa Tú

Ẹ pa ìwé yín dé. Mo mọ̀ pé ọ̀la ni ìdánwò, mo sì mọ̀ pé àyà yín ń já, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ó ti há mi lọ́fun tipẹ́ bí egungun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè. Lónìí, dandan ni kó jáde. Bàbá Ọ̀já lẹ máa ń pè mí lẹ́yìn, ẹ má rò pé mi ò gbọ́, nítorí bí mo ṣe máa ń le mọ́ yín lórí ọ̀já tí a fi ń so ẹsẹ̀ tàbí apá pa kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára èèyàn. Ẹ rò pé ọgbọ́n ló mú mi le. Irọ́ ni. Ẹ̀bi ni.

Kí n tó di olùkọ́, dírẹ́bà áńbúláǹsì ni mí. Wọ́n wá ní ẹni tí kò bá yege ìdánwò ìtọ́jú pàjáwìrì kò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mo kùnà. Nígbà tí mo tún un bẹ̀rẹ̀, àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní òun náà fẹ́ ṣe é, la bá di ọmọ kíláàsì kan náà. Tíṣà Kékeré ni wọ́n ń pè é. Níbi tí mo bá ti ń wá ìdáhùn kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù, òun á ti dáhùn, á ti jókòó. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi kọ́ yín, kì í ṣe ẹ̀sín." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú. Mo ń jowú ọmọ tí mo lè bí.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa kọ́ wa ní ọ̀já, ibà dá Tíṣà Kékeré dùbúlẹ̀, kò lè wá. Nígbà tí mo délé, ó jókòó ní ilé ìdáná, ó fi aṣọ bora, ìwé kan wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ìwé àtijọ́ tí mo yá yìí sọ pé tí a bá ti so ọ̀já, ká máa tú u díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yín?" Ohùn olùkọ́ ṣì ń dún létí mi pé a kò gbọ́dọ̀ tú u, pé dókítà ló ń tú u. Mo wò ó lójú, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwa tá a wà lójú títì, bẹ́ẹ̀ la ń rí i tí wọ́n ń ṣe." Ó ní, "Ẹ ṣé, Bùọ̀dá mi. Ọlọ́run á gbè yín." Mo pa irọ́ fún un, ó fi àdúrà san án fún mi. Mo kàn fẹ́ kó kùnà níbì kan ni, kí n lè jù ú lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Ẹ ṣáà mọ bí ìdánwò yẹn ṣe rí. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ẹnu gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ sókè, nítorí ohun tí olùdánwò bá gbọ́ ló ń fún ní máàkì. Egungun tó ṣẹ́ ni wọ́n fún Tíṣà Kékeré, ọ̀rọ̀ ọ̀já kò tiẹ̀ wáyé. Òun ló ṣe ipò kìíní. Èmi náà rá pálá kọjá. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ kan náà, èmi níwájú, òun lẹ́yìn pẹ̀lú aláìsàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni n ó tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ojú ń tì mí, ọ̀la kò sì tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tí káfíńtà kan fi ń la pákó gé e nítan. Nígbà tá a débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti po mọ́ eruku igi nílẹ̀. Tíṣà Kékeré so ọ̀já náà dáadáa, ẹ̀jẹ̀ sì dúró. Káfíńtà tiẹ̀ ń ṣàwàdà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀rọ yẹn ni o. Ó ti pẹ́ tó ti ní kí n tà á." A gbéra. A ò tíì rìn jìnnà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi, ketekete, bí ìgbà tó wà níwájú olùdánwò: "Mo ń tú ọ̀já díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mí." Mo la ẹnu. Tí mo bá ní kó má tú u, á bi mí pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tú u?" Mo pa ẹnu náà dé. Mo wá na ọwọ́, mo tẹ fèrè ọkọ̀. Ojú ọ̀nà ṣófo, kò sí ẹni tí mo ń lé kúrò lọ́nà. Mo tẹ̀ ẹ́ kí n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Káfíńtà ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ nǹkan mọ́. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn ní ọsibítù, dókítà wo ojú rẹ̀, ó wo ọ̀já, ó ní, "Ta ló tú èyí?"

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Àwọn ọ̀gá pè wá jókòó. Wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá mi ni, ní ilé ìdáná wọn." Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní, "Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ti ẹnu mi jáde rí. Ikú káfíńtà yẹn ló ń dà á láàmú." Ó ní, "Ó dáa, Bùọ̀dá." Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà nítorí mi. Títí di òní, wọn kì í kí ara wọn. Èmi ni wọ́n wá fi ṣe olùkọ́ yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbí yìí, mo rí ẹnì kan nínú yín tí ẹnì kejì rẹ̀ bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó mọ òtítọ́. Ó dáhùn òdì, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá Tíṣà Kékeré ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Aṣọ ló ń lọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ilé ìdáná dé iwájú àwọn ọ̀gá. Kò dúró, ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ. Ó wá ní, "Bùọ̀dá, mo sọ ọ́ sókè lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ mi?" Mo ní, "Mo gbọ́." Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó ní, "Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti ń bá yín wá àwáwí. Mo ní fèrè ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́." Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó wọlé lọ. Mo dúró títí, kò jáde mọ́.

Láti ibí, ọ̀dọ̀ ìyàwó káfíńtà ni mo ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ìyàwó mi ti gbọ́ láàárọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n bá fi mí ṣe, mo gbà. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí, mi ò yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìwọ tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò ní dárúkọ rẹ. O mọ ara rẹ. Kí n tó jáde, kọjú sí ẹnì kejì rẹ, kí o tún ohun tó o sọ fún un ṣe. Sọ ọ́ sókè. Gbogbo wa ń gbọ́.