Ẹ Má Bọ́ Bàtà Lẹ́sẹ̀ Bàbá Yín

Nígbà tí mo lọ sí òkèèrè, èmi kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ ní ìjọ wa ní Odigbo nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ nínú wọn. Èmi àti ọkọ mi ni wọ́n rán lọ wàásù ní Tógò fún ọdún mẹ́rin, àwa tí orúnkún ti ń dùn. A fi oko kòkó sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, a wọ mọ́tò ní Ore, a lọ.

Tóyìn, gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi kó lè gba ohùn mi. Ọmọ ọmọ mi ni ọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọ ló rán ẹ wá, ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yìí. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé fótò bàbá, ọkọ mi, sí kàlẹ́ńdà ìjọ. Ẹ ní ẹ máa fi kọ̀ǹpútà yọ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn bàtà yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ òfin wa. Ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà. Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ wàásù láìwọ sùtánà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìlú kékeré kan létí òkun. Láàárọ̀, èmi á gbá ilé àdúrà, bàbá á lọ pọn omi nínú kànga... bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ló ń pọn omi! Ta ni ì bá bá wa pọn ọ́n? A ó mu ẹ̀kọ, a ó wọ sùtánà, a ó sì máa fi ẹsẹ̀ lásán lọ láti ilé dé ilé. Àwa rò pé à ń ṣe dáadáa.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá, ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àfí la kọ́kọ́ yà. Aboyún ni, ọkọ rẹ̀ ti lọ pẹja lójú òkun láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ó gbójú sókè, ó rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ wa... ó lọgun! Ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, òun náà ṣubú. Gbogbo agboolé bú sẹ́kún. Ìyá kan tó ti gbé Ìbàdàn rí ló fi Yorùbá jágbe mọ́ wa: "Ta ló kú? Ẹ sọ ọ́! Ṣé ọkọ rẹ̀ ni?"

Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó kú o, ìyá."

"Kí ló wá dé tí ẹ bọ́ bàtà? Níbí, ẹni tó bá ń mú ìròyìn òkú bọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ lásán wọlé onílé! Àgbà méjì bíi tiyín, ẹ ò lè béèrè?"

Ẹ ò lè béèrè... Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wẹ ẹsẹ̀ yẹn fún un. Oyún dúró, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, mo rò pé yóò lù wá. Kò lù wá. Ó gé táyà ògbólógbòó, ó fi ṣe bàtà fún bàbá, ó ṣe fún èmi náà. Ó ní kí ìyá yẹn sọ fún wa pé, "Tí ẹ bá tún ń bọ̀ nílé mi, ẹ wọ èyí, kí ìyàwó mi lè mọ̀ pé ire lẹ mú bọ̀."

Bàbá gbé bàtà lé orúnkún, ó ń wò ó títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹni tí kò fi bàtà kan sùtánà rí láyé rẹ̀! Nígbà tó yá, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Nílé àdúrà, màá bọ́ ọ fún Ọlọ́run. Nílé Àfí, màá wọ̀ ọ́ fún Àfí."

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ń ṣí fún wa. Àfí bí ọmọkùnrin. Ní ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ya fótò yìí, bàbá gbé ọmọ náà dání, ó wọ sùtánà, ó wọ bàtà táyà. Pẹ̀lú ayọ̀ la fi í ránṣẹ́ sí Odigbo. Ṣé ọmọ ni wọ́n rí? Bàtà ni wọ́n rí!

Lẹ́tà dé. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, inú mi sì máa ń dùn tí lẹ́tà bá dé. Ti ọjọ́ yẹn, ó wù mí kí n má mọ̀wé. "Ẹ ti fi bàtà ba aṣọ mímọ́ jẹ́. Ẹ padà wálé."

Bàbá ní, "Ṣé wọ́n béèrè ohun tó fà á?"

Mo ní, "Rárá."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀.

A padà. Nínú ọdún mẹ́rin tí wọ́n rán wa, a ò lò ju oṣù mẹ́wàá lọ. Wọ́n mú bàbá kúrò láàárín àwọn àgbà ìjọ, wọ́n fi í sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà sí. Ẹ rò ó wò! Ibẹ̀ ló jókòó sí títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Lónìí ńkọ́? Ẹ̀ ń wọ sùtánà gun ọ̀kadà ní Ore, bàtà wà lẹ́sẹ̀ yín, ẹ ní títì gbóná. Wòlíì yín ń fi bàtà aláwọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ta ló kọ lẹ́tà sí i? Òkú lẹ wá fẹ́ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀!

Kí lo wí, ìwọ ọmọkùnrin? Pé kò ní hàn rárá? Pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀? Èmi ò ní mọ̀? Àfí tí àpá ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò ní mọ̀?

Dá fótò mi padà. Ẹ lọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá béèrè ohun tí wọn ò béèrè nígbà náà. Èmi ṣì wà láyé, màá dá wọn lóhùn. Tí wọ́n bá fẹ́ ọkọ mi, kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri tòun ti bàtà rẹ̀. Tí wọn ò bá fẹ́ bàtà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Hùn... ayé yìí. Ó ti tó, Tóyìn, pa á.

Mo rí i pé ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Ẹ ṣeun, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ẹ wọ̀ ọ́ padà kí ẹ tó jáde o, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òkú kú nílé mi.